Wọ́n Ní Òtútù Ọdún Yìí Kò Ní Le

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Chicago, kí ìgbà òtútù tó wọlé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ òtútù, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí àwọn tó pè mí gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé báwo ni òtútù ọdún yìí yóò ṣe rí ní Chicago àti agbègbè rẹ̀. Mo gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n ò ní dá a lóhùn bí wọ́n ṣe bi mí. Láti ìgbà tí oṣù Kẹwàá ti wọlé ni ìròyìn ti ń fò kiri lórí WhatsApp. Ẹnìkan ní òtútù tó ń bọ̀, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹlòmíì ní kò ní le rárá, kí èèyàn má wulẹ̀ náwó sí kóòtù tuntun. Àwọn méjèèjì ló sì ní ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ lọ̀rọ̀ ti wá.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì rí nǹkan kan kà lóòótọ́. Ohun tí wọn ò béèrè ni bí ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí. Nǹkan tí àsọtẹ́lẹ̀ lè mọ̀ nígbà tó ku oṣù mẹ́ta yàtọ̀ sí èyí tó lè mọ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ti ọjọ́ mẹ́wàá sì yàtọ̀ sí ti ọ̀túnla. Kálukú wọn ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ti oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ti ọ̀túnla, òtútù máa bá a pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbà òtútù kan tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì gbàgbé, ti 2023 wọ 2024. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2023, NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òkun àti ojú ọjọ́, gbé ìwòye wọn jáde. Omi Òkun Pàsífíìkì tó wà ní agbedeméjì ayé ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nígbà náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní El Niño. Wọ́n ní nítorí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òtútù apá àríwá Amẹ́ríkà má tó ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, kò tíì sí ìgbà òtútù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí Alaska àti Hawaii, láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ló ní èyí tó gbóná jù nínú ìtàn wọn: Wisconsin, Michigan, Minnesota àti Iowa, tí gbogbo wọn wà láyìíká wa níbí, wà lára wọn. Omi àwọn adágún ńlá wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dì.

Ó dára. Ní ìgbà òtútù yẹn kan náà, ní 15 oṣù Kìíní 2024, àwọn ará Iowa jáde lọ dìbò láti yan ẹni tí ẹgbẹ́ Republican máa fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Òtútù ọjọ́ náà pọ̀ débi pé kò sí ìpàdé ìbò Iowa kankan tó tutù tó o rí. Iowa yìí kan náà ni o, ìpínlẹ̀ tí ìgbà òtútù rẹ̀ gbóná jù nínú ìtàn! Níbí, ní Chicago, ojú ọjọ́ wọ ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ oníbátìrì tò sí ibi tí wọ́n ti ń gba iná, bátìrì òmíràn kú síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ wọ́ wọn lọ. Kí oṣù Kejì tó parí, lọ́jọ́ 27, ojú ọjọ́ gòkè kọjá 70, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ṣòkòtò péńpé gun kẹ̀kẹ́ kiri. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ó ti já wálẹ̀ débi tí omi fi ń dì.

Ṣé irọ́ ni NOAA pa? Rárá o. Ohun tí wọ́n sọ nípa oṣù mẹ́ta ṣẹ. Ẹni tó fi í pinnu ohun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní ló ṣi ìwé kà.

Climate Prediction Center, ní College Park, ìpínlẹ̀ Maryland, ló ń ṣe ìwòye náà. Wọ́n kó ojú ọjọ́ ọgbọ̀n ọdún jọ, láti 1991 sí 2020, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn ọdún tó gbóná jù, àwọn tó wà láàárín, àti àwọn tó tutù jù. Bí èèyàn kò bá mọ ohunkóhun nípa ọdún tó ń bọ̀, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tiwọn ni láti sọ apá tí òṣùwọ̀n tẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kọ 40 sí apá ìgbóná fún Illinois, 33 ló di 40 yẹn. Apá òtútù kò kú, ó ṣì ní bíi 27. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí nǹkan kan tó lè jẹ́ kí òṣùwọ̀n tẹ̀, wọn á wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, tàbí kí wọ́n kọ EC sí i. Àwọn kan máa ń rí funfun yẹn, wọn á ní òtútù wọ̀ǹtìwọ̀ǹsì ni. Rárá, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba.

Àwọ̀ inú àwòrán yẹn gan-an ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Illinois bó ṣe pupa yòò!" Bí àwọ̀ pupa bá ṣe jinlẹ̀ tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dá àwọn tó yà á lójú tó. Kò sọ nǹkan kan nípa bí ooru yóò ṣe pọ̀ tó. Pupa jinjin lè jẹ́ ìwọ̀n Fahrenheit méjì péré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bó bá ṣáà ti dá wọn lójú.

Oṣù mẹ́ta náà, ẹ má gbàgbé, àròpọ̀ ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìgbà òtútù jẹ́ 90 ọjọ́. Ká ní 85 nínú rẹ̀ fi ìwọ̀n mẹ́rin mẹ́rin gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: 340 nìyẹn. Ká wá ní ọjọ́ márùn-ún tó kù fi 30 tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: 150 nìyẹn. Ẹ yọ 150 kúrò nínú 340, ẹ pín 190 tó kù sí 90, ó lé díẹ̀ ní méjì. Lórí ìwé, ìgbà òtútù tó gbóná ni, ìwòye sì ṣẹ. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni páìpù omi fi bẹ́ nínú ilé yín.

Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn mọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án pé ọjà oṣù Kejìlá yóò tà. Ẹ má wá bi í pé oníbàárà wo ni yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́wàá. El Niño àti La Niña ló ń fún àwọn onímọ̀ ní irú ìmọ̀ tí ìyá yẹn ní. Nígbà tí omi gbígbóná bá ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ nínú Pàsífíìkì, òjò ibẹ̀ á ṣí tẹ̀lé e, atẹ́gùn tó ń sáré lókè lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní jet stream, á sì yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Jet stream yìí ni òpópónà tí ìjì ń gbà. El Niño máa ń fà á lọ sí gúúsù. La Niña, tó jẹ́ ìgbà tí omi yẹn tutù, máa ń jẹ́ kí òtútù Kánádà rọra wọ àríwá Amẹ́ríkà. Omi òkun kì í yára yí padà bí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi lè rí apá kan ohun tó ń bọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kódà NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń wo Pàsífíìkì yìí kan náà kí wọ́n tó sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá lórí àwọn olùsọtẹ́lẹ̀ mìíràn. Ẹranko kan wà ní Pennsylvania, ó sanra, ó jọ òkété, tí wọ́n ń gbé jáde ní 2 oṣù Kejì ọdọọdún láti ọdún 1887, wọ́n ní bó bá rí òjìji ara rẹ̀, òtútù ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ lọ wò ó, ijó wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ní ti álímánákì àgbẹ̀ tó ń sọ pé ìjì yìnyín yóò jà ní ọjọ́ báyìí nínú oṣù Kejì, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó fi owó ẹyọ da á kò ní ṣe é burú jù wọ́n lọ.

Kí ló dé tí a ò lè sọ ọjọ́ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú? Àìní kọ̀ǹpútà tó lágbára kọ́. Ní 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ojú ọjọ́ ní yunifásítì MIT. Ó fẹ́ tún apá kan rẹ̀ ṣe, ó bá wo ìwé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ jáde, ó mú nọ́ńbà kan níbẹ̀, 0.506, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó lọ mu kọfí. Nígbà tó fi máa dé, ojú ọjọ́ tuntun yìí kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ ni 0.506127, ìwé ló gé e kúrú. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti dà odindi ojú ọjọ́ rú. Kò sí bí a ṣe lè wọn afẹ́fẹ́ orí gbogbo òkun àti aginjù láìfi irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ ibodè ohun tí a lè sọ nípa ọjọ́ kan pàtó.

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe báyìí ni pé wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Iléeṣẹ́ àwọn ará Yúróòpù tí olú ilé rẹ̀ wà ní Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ kan náà ní ọ̀nà 51, wọ́n á yí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú 51 bá fẹnu kò sí òtútù, ẹ múra. Bí kálukú bá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ń jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá rí àwòrán kan ṣoṣo tó fi 20 ínṣì yìnyín sórí Chicago ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i, ọ̀kan nínú púpọ̀ ni ẹnìkan lọ yọ síta torí pé òun ló ń dẹ́rù bà jù. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín.

Nínú ìṣirò NOAA, àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún máa ń ṣẹ ní bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún; ti ọjọ́ méje, bíi 80; ti ọjọ́ mẹ́wàá lọ sókè, bíi ìdajì. Àwọn bàbá wa ti wí i pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn tó sọ ọ́ kò ní sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n mú kò jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ àwọn òyìnbó ti ń rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó wo àsọtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí kò tún un wò títí di Sátidé, àsọtẹ́lẹ̀ àná ló fi ń rìn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àti oṣù mẹ́ta, pápá kan wà tó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n iná kékeré kan wà níbẹ̀. Lókè téńté, ní bíi 30 kìlómítà sókè orí Àríwá Ayé, afẹ́fẹ́ títutù kan ń yí po ní gbogbo ìgbà òtútù, tí wọ́n ń pè ní polar vortex. Bó bá lágbára, á há òtútù mọ́ ibẹ̀. Nígbà mìíràn, ìgbì afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ á gun òkè lọ bá a, á mú kí ibẹ̀ gbóná lójijì, á dà á rú, á lè pín in sí méjì, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà òtútù lè ṣàn wá bá wa. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2019. Nígbà tó di 30 oṣù náà, pápákọ̀ òfurufú O'Hare wọ 23 sísàlẹ̀ òdo ní Fahrenheit, nǹkan bíi 31 sísàlẹ̀ òdo ní Celsius. Lọ́jọ́ kejì, Rockford wọ 31 sísàlẹ̀ òdo, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí, Mount Carroll sì wọ 38 sísàlẹ̀ òdo, tó di òtútù tó le jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo Illinois. Àwọn afìwéránṣẹ́ jókòó sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Metra ń tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú irin ti ń pínyà, kí ó má bàa dì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lọ́dún náà, tí ẹ rò pé ẹ ti mọ òtútù torí ẹ ti rí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, ẹ ó rántí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọjọ́ ti sún mọ́ 50, yìnyín ń yọ́ sí gọ́tà.

Ẹni tó rí ìdàrú òkè yẹn lọ́jọ́ kejì oṣù Kìíní lè sọ pé, "ẹ ṣọ́ra ní ìparí oṣù." Kò lè sọ pé Rockford ni, lọ́jọ́bọ̀. Ìdàrú kan náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì 2018, Yúróòpù ni òtútù rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wa ní London àti Manchester ló gbà á lára.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù lọ ni ti Texas, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí ní Houston. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2020, ìwòye NOAA fún La Niña ọdún náà ni pé àríwá yóò tutù, gúúsù yóò gbóná. Texas wà ní gúúsù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2021, polar vortex dàrú. Nígbà tó di àárín oṣù Kejì, Dallas wọ ìwọ̀n méjì sísàlẹ̀ òdo. Iná ìjọba lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Omi dì nínú páìpù gáàsì. Àpapọ̀ ẹni tí ìpínlẹ̀ náà kà pé ó kú ni 246. Òtútù ló pa púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí èéfín pa, torí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n tan nínú gáráàjì, tàbí wọ́n gbé èédú wọlé láti yáná. Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí a mọ jẹnẹrétọ̀ dáadáa gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù èyí jù: gáàsì olóró inú èéfín náà, carbon monoxide, kò ní òórùn, oorun ló máa ń fi pa ènìyàn. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ààrò èédú sábẹ́ òrùlé, ì báà jẹ́ bálíkónì tí ẹ ti pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí èéfín yẹn bá wọlé, ẹ rà á, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ẹ ń sùn.

Ọ̀rọ̀ adágún wa ńkọ́? Òtútù gbígbẹ láti Kánádà á gba orí omi tí kò tíì dì kọjá, á fa ọ̀rinrin rẹ̀ mu, á dà á sí èbúté òdìkejì bí yìnyín. Nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn sábà máa ń ti fẹ́, Michigan àti apá kan Indiana ni Adágún Michigan ń fìyà jẹ ju àwa lọ. Ìgbà tí atẹ́gùn bá yí wá láti àríwá-ìlà-oòrùn ló máa ń kàn wá. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni yìnyín irú èyí, ó lè bo ilé kan mọ́lẹ̀ kí oòrùn sì máa ràn ní ìrìn ogún ìṣẹ́jú síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2022, Orchard Park, lẹ́bàá Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, gba nǹkan bíi 80 ínṣì, ìyẹn ga ju ọ̀pọ̀ lára àwọn tó jókòó síbí lọ, nígbà tí àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní àríwá Buffalo kò rí ju díẹ̀ lọ. Kò sí ìwòye oṣù mẹ́ta tó lè sọ ibi tí ọ̀já yẹn máa dúró sí.

Buffalo yẹn náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí pé níbẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, tí ìyà sì tún jẹ ènìyàn. Ìjì Kérésìmesì 2022 kò bá ẹnikẹ́ni lójijì. Ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni àwọn National Weather Service ibẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kéde ojú ọjọ́, ti pariwo pé irú rẹ̀ kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìran kan. Síbẹ̀, òfin tó ní kí ọkọ̀ má rìn kò jáde títí di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kejìlá, tí ìjì náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àwọn èèyàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń wá oúnjẹ tàbí oògùn torí owó ọ̀sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn aládùúgbò ń bá òkú nínú ọkọ̀, nínú yìnyín, nínú ilé tí iná ti lọ. Ènìyàn 47 ló kú ní Erie County, agbègbè tí Buffalo wà, púpọ̀ lára àwọn tó kú nínú ìlú Buffalo fúnra rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìgbọ́ràn ló pa wọ́n. Ẹni tí kò ní owó láti kó oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún pamọ́ lè gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ yékéyéké kí ó má sì rí nǹkan fi ṣe.

Chicago náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kìíní 1967, ojú ọjọ́ gòkè dé 65. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, 23 ínṣì yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, àsọtẹ́lẹ̀ kò sì sọ pé yóò tó bẹ́ẹ̀ rárá; ọkọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n pa tì sójú títì. Ní oṣù Kìíní 1979, ìjì mìíràn bo ìlú, ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kò dé àdúgbò, rélùwéè dúró. Nígbà tí ìbò abẹ́lé dé ní oṣù Kejì, àwọn ará ìlú lé Michael Bilandic, olórí ìlú, kúrò nípò, wọ́n mú Jane Byrne. Láti ìgbà náà, kò sí olórí ìlú Chicago kan tó ń fi yìnyín ṣeré. Ní 2011 wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, 21 ínṣì ló sì bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ṣì há sí Lake Shore Drive ní òru, èèyàn inú wọn ń wo yìnyín bó ṣe ń gun fèrèsé.

Báwo la ṣe máa wá lò ó? Ìwòye oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ owó ni ẹ fi í ṣe. Bó bá tẹ̀ sí òtútù, ẹ tètè pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe kí iye tó ń gbà tó di méjì, ẹ ya owó gáàsì sọ́tọ̀, ẹ̀yin tí owó yín kò sì tó, ẹ tètè kọ orúkọ fún LIHEAP, ìrànwọ́ ìjọba fún owó ìgbóná ilé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Owó orí yín ni. Bó bá tẹ̀ sí ìgbóná, ẹ lè dín owó gáàsì tí ẹ yà sọ́tọ̀ kù. Ẹ má dín kóòtù kù.

Ti ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ni kí ẹ là sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá kò gbọdọ̀ tán lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó, tí ẹ kò lè sọ pé ẹ ò wá síbi iṣẹ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ ti bá ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ nípa pàṣípààrọ̀ ọjọ́, kì í ṣe ní aago márùn-ún àárọ̀ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti dì pa.

Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí méjì, fóònù yín á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí wọ́n bá kọ Winter Storm Watch, ó ṣeé ṣe kó dé, ẹ lọ ra ohun tí ẹ máa rà. Bí wọ́n bá kọ Warning, ó ti dé tán, ẹ jókòó sílé bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Extreme Cold Warning, tó rọ́pò Wind Chill Warning láti oṣù Kẹwàá 2024, jẹ́ ti òtútù tó lè pa ẹran ara ìka láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa kán tó, kí páìpù má bàa bẹ́. Nọ́ńbà 311 ni ẹ máa pè bí ẹ bá ń wá ibi tí èèyàn ti lè yáná, tàbí bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lọ wo àgbàlagbà kan tó ń dá gbé.

Ohun kan wà tí kò nílò àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Láti 1 oṣù Kejìlá sí 1 oṣù Kẹrin, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró ní àwọn òpópónà ńlá kan láti aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀, yálà yìnyín bọ́ tàbí kò bọ́. Gbogbo ọdún ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì rí àga àtijọ́ kan níbi tí ẹnìkan ti kó yìnyín kúrò, ẹ má gbé ọkọ̀ yín síbẹ̀. Kò sí nínú òfin, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ìyàwó ilé kan tó lóyún dìde. Ó ní ìyá òun fẹ́ ti Abẹ́òkúta wá wẹ ọmọ, oṣù Kìíní ni ọmọ yóò dé, ọ̀sẹ̀ wo ni kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì sí? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà dára ju èyí tí wọ́n fi pè mí lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ̀sẹ̀ fún un báyìí. Ìtàn ìlú ló lè ràn án lọ́wọ́. Òtútù tó le jù nínú ìwé Chicago, 27 sísàlẹ̀ òdo, jẹ́ ti 20 oṣù Kìíní 1985. Ti 2019 jẹ́ 30 oṣù Kìíní. Ìjì 1967, 26 oṣù Kìíní. Ti 1979, 13 oṣù Kìíní. Ti 2011 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù náà. Nítorí náà mo ní kí Màmá wọlé ní ìparí oṣù Kọkànlá, kó ti wà nílé kí ọmọ tó dé, kí tíkẹ́ẹ̀tì náà sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbà kí èèyàn yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Kí ẹni tó máa lọ pàdé rẹ̀ gbé kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ wọ inú O'Hare lọ bá a níbi tí ẹrù ti ń jáde, kó má fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bi mí bóyá ìró àti gèlè kò lè tó títí dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Mo ní kó pe Màmá lórí fóònù, kó ní èmi ni mo sọ pé kò tó.